Orí Olórí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wo inú orí olórí
nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, lábẹ́ ilé ìwòsàn,
ní Winnipeg, níbi tí òtútù ti í géni létí jẹ bí ajá.
Bọ́ òrùka rẹ. Bọ́ aago. Ṣé irin kankan ń bẹ lára rẹ?
Ohun tí mo ń wí láràárọ̀ nìyẹn, bí ẹni ń kí ará ilé.
Òòfà inú ẹ̀rọ yẹn kì í ṣeré:
ó ti já kọ́kọ́rọ́ gbà lápò mi rí, ó gbé e mì,
ọjọ́ mẹ́ta gbáko ká tó rí i yọ.

Ọmọ mi obìnrin, Ìníolúwa, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà,
tí ohùn rẹ̀ ń gun òkè níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ,
sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé:
“Dádì mi máa ń ya fọ́tò ọ̀pọ̀lọ́.”
Ìyá mi dákẹ́ títí.
“Ṣé torí ọ̀pọ̀lọ́ ló ṣe wọ bàálù?”
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ṣùgbọ́n lóru, tí àwòrán bá yọ lójú kọ̀ǹpútà,
tó ká gúlútú, tó tutù, tó ń wò mí láìṣẹ́jú,
mo máa ń rò ó pé ọmọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣì í sọ.

Bàbá Hnatiuk, àgbẹ̀ àlìkámà láti Dauphin,
àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbọ̀n mọ́ ìka
bí ẹni ń yí hóró kan tí kò sí níbẹ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń wọnú ihò ẹ̀rọ náà.
Ẹ̀rọ á ké: gbà-gbà-gbà, kẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀, wùùù.
Ó ní ó jọ katakata bàbá òun. Á sùn lọ fọnfọn.
N kò wò ó sàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.
Mo kàn ń wọn bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń sún kì,
bí awùsá tó pẹ́ nílẹ̀,
tí a bá mì ín létí, á dún.
Mo fi í kọ ìwé mẹ́rin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ní Toronto.
Ní ọdún kẹwàá, ọmọ rẹ̀ ló wá, ó gbé búrẹ́dì dání,
ó ní bàbá òun ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún:
ilẹ̀ fún àwọn ọmọ, ọpọlọ fún dókítà.
Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.
Ó wúwo ju àwòrán lọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.
Èmi fi tèmi ṣọ́ orí olórí.
Ta ló ṣọ́ ti bàbá mi ní Ìpetu,
téélọ̀ tó ń wá ojú abẹ́rẹ́ lára ìṣó?
Àwọn aládùúgbò ní ayé ló ṣe é.
Ó pè mí lóṣù kejì ọdún,
ó pè mí lórúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú:
“Akínkúnmi, ṣé òjò ti dá?”
Yìnyín ń já bọ́ lẹ́nu ilé mi, ó ti bo mọ́tò.
Mo ní, “Ó ti dá, Bàbá.”
N kò rí àwòrán orí rẹ̀ rí.
N kò sì béèrè.

Lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n ń wá àgbàlagbà
tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n á fi ṣe òṣùwọ̀n.
Friesen, tó ti ń bá mi ṣe ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀,
ní kí n bọ́ òrùka. Kí n bọ́ aago.
“Ṣé irin kankan ń bẹ lára rẹ?”
Mo dùbúlẹ̀. N kò sùn bíi Hnatiuk.

Àpò ìwé náà wà lórí tábìlì ìdáná láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Friesen ló fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ mi sí i; kò wò mí lójú nígbà tó ń fún mi.
Tàbí bóyá ó wò mí.
Ìníolúwa ní, “Dádì, ẹ tú u.”
Mo ní kí òjò dá ná.